Ọwọ́ ni kó ṣíwájú: bí a ṣe ń kọ́ ọmọ kékeré nílé

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ní kí n kọ́ ọmọ mi nílé, mo kọ ètò ọjọ́ náà sórí bébà ńlá, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, iṣẹ́ lé iṣẹ́. Kó tó di aago mẹ́sàn-án, ọmọ ọdún márùn-ún yìí ti wà lábẹ́ tábìlì, èmi náà ti ń jágbe. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo já bébà náà sọnù. Ìwé ni mo tì síwájú, mo fi ọwọ́ sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ni ọmọ kékeré fi ń ronú. Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ bèèrè ohun tí òfin ibi tí ẹ ń gbé wí. Ní Jámánì, dandan ni kí ọmọ lọ sí iléèwé, ẹ̀kọ́ ilé kò lè rọ́pò rẹ̀ àfi nínú ọ̀ràn tó ṣọ̀wọ́n. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ 50 tó wà níbẹ̀ ló fàyè gbà á, ṣùgbọ́n ohun tí kálukú wọn ń béèrè lọ́wọ́ òbí yàtọ̀ síra.

Òfin parí, ó kan àkókò. Fún ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà, ìṣẹ́jú 10 sí 15 tó fún ẹ̀kọ́ kan. Kó lọ sáré, kó lọ fò, kó mumi, kí ẹ tó mú òmíràn. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta lóòjọ́ kò kéré rárá.

Kíkà

Ẹ wá ogún òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ìdérí ìgò. (Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta bá wà nínú ilé, ẹ má lo ohun tó lè gba ẹnu rẹ̀ wọlé, ó lè há a lọ́fun.) Kí ọmọ máa gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti apá òsì sí apá ọ̀tún bó ṣe ń kà. Ẹ óò rí i pé ẹnu rẹ̀ á máa sáré ju ọwọ́ lọ: ẹnu ti dé méje, ọwọ́ ṣì wà lórí ìkarùn-ún. Ẹ má jágbe mọ́ ọn, ẹ má sì bá a kà á. Ẹ to ife kéékèèké sílẹ̀, kó máa ju òkúta kan sínú ife kan. Bí ẹnu bá ti pe méje tó jẹ́ pé ife márùn-ún péré ni òkúta wà nínú wọn, òun fúnra rẹ̀ á rí i.

Nígbà tó bá ti mọ̀ ọ́n kà dé ogún, ẹ to ogún òkúta náà sí ìlà mẹ́rin, márùn-ún márùn-ún. Kó mú ẹyọ kan kúrò. Mélòó ló kù? Mọ́kàndínlógún: ọ̀kan ló dín nínú ogún. Kó tún mú ọ̀kan: méjìdínlógún. Ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà, kó wá kó odindi ìlà kan kúrò: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Orúkọ nọ́ńbà wa ti ṣe ìyọkúrò náà tán, a kàn ń pè é lójoojúmọ́ láì gbọ́ ohun tó ń wí ni. Mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá ni tiwọn jẹ́ àròpọ̀: mẹ́wàá ti wà nílẹ̀, kó máa fi kún un. Èmi àgbàlagbà gan-an, ìdí òkúta yìí ni mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i kedere.

Lẹ́tà

Èyí kò pẹ́. Ẹ da yanrìn gbígbẹ sínú àwo pẹrẹsẹ, kí ọmọ fìka kọ lẹ́tà sí i. Maria Montessori, dókítà ará Ítálì tó ṣí ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé ní Róòmù lọ́dún 1907, sáńdípépà ló fi gé lẹ́tà tirẹ̀, kí ìka ọmọ lè máa tọ ìlà rẹ̀. Ní ti àmì ohùn, ẹ jẹ́ kí apá ṣe é: apá sókè fún mí, sí àárín fún re, sísàlẹ̀ fún dò. Kó fi apá pe ọkọ́, kó sì fi pe ọkọ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi kọ́ ọ.

Ẹ̀wà inú gíláàsì

Ibí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ rẹ hóró ẹ̀wà mẹ́fà sómi mọ́jú. Ẹ ká bébà ìnuwọ́ sínú gíláàsì kó fara mọ́ ọn, ẹ fi omi rin ín, kí ẹ wá ki hóró bọ àárín bébà àti gíláàsì, níbi tí ojú ti lè rí i. Kí omi má bo hóró o. Hóró náà ń mí. Bí omi bá bò ó, á jẹrà. Mo ti ba ti ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́ báyìí, òórùn rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Kí ọmọ má sì jẹ ẹ̀wà tútù náà.

Ẹ dorí hóró méjì kodò, kí ẹ bi ọmọ pé ibo ni gbòǹgbò tiwọn máa gbà. Kó sọ tirẹ̀, kó yà á sínú ìwé, kí ẹ tó máa wò ó. Gbòǹgbò ló ń kọ́kọ́ yọ, láàárín bí ọjọ́ méjì sí mẹ́rin. Ti èyí tí ẹ dorí rẹ̀ kodò á tẹ̀ kọrọdọ wá sísàlẹ̀, nítorí òòfà ilẹ̀ ni gbòǹgbò ń tẹ̀ lé. Lójoojúmọ́, kí ọmọ fi òwú wọn gígùn rẹ̀, kó gé òwú náà, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, kí ẹ bá a kọ ọjọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ìwé yìí kan náà lẹ lè fi han aláṣẹ tó bá béèrè ẹ̀rí iṣẹ́.

Ọjọ́ tí ẹ kò bá ráyè, ẹ bu omi sínú báàfù, kí ọmọ sọ ohun tó máa léfòó àti èyí tó máa rì. Amọ̀ roboto á rì; kó fi amọ̀ kan náà mọ ọkọ̀ ojú omi, á léfòó. Ẹ má fi í sílẹ̀ nídìí omi rárá, bó ti wù kó kéré tó.

Bí ẹ̀wà bá ti ń rúwé, ẹ ṣe gíláàsì kejì, ẹ gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn, kí ti àkọ́kọ́ wà lójú fèrèsé. Ẹ má sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ fún un. Tinú òkùnkùn máa ń ga ju ti ojú fèrèsé lọ, ṣùgbọ́n á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, igi rẹ̀ á tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tó bá rí i, ẹ kàn bi í pé kí ló fà á, kí ẹ sì dákẹ́.