Bí mo ṣe wọ kíláàsì ìṣúná owó láì jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ òkòwò

Sítátísíìsì ni mò ń kà ní yunifásítì ìjọba kan ní Amẹ́ríkà, àmọ́ iṣẹ́ báńkì ló wà lọ́kàn mi. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún Corporate Finance, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń wá owó tó sì ń ná an, ohun tí kọ̀ǹpútà gbé jáde ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ òkòwò nìkan ló wà fún. Ó dùn mí wọra, nítorí mo rí i pé ààyè 14 ṣì ṣófo.

Olùkọ́ ni mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Ó ní kò sí lọ́wọ́ òun. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ló là mí lójú: "Àbúrò, ọ́fíìsì àwọn olùdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ òkòwò ni kó o lọ. Àwọn ọmọ tiwọn á kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ tán, èyí tó bá kù ni wọ́n á pín fún ará ìta."

Ní ọ́fíìsì náà, wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ ti ka accounting (ìṣirò owó), microeconomics (ọrọ̀ ajé ní ìpele oníbàárà àti ilé-iṣẹ́) àti sítátísíìsì. Accounting ni n kò tíì kà. Mo kà á nígbà ẹ̀rùn ní community college, ìyẹn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì, níbi tí owó rẹ̀ ti kéré. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bàjẹ́: mo yege, ṣùgbọ́n èsì náà kò tíì wọ àkọsílẹ̀ mi ní yunifásítì, kọ̀ǹpútà sì gbà pé n kò kà á. Ọ̀sẹ̀ 3 ni mo fi lé e kiri. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ tí èsì bá jáde ni kẹ́ ẹ ti ní kí wọ́n fi ránṣẹ́.

Nínú fọ́ọ̀mù tí mo fi tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ́fíìsì náà, n kò kọ pé kọ́ọ̀sì náà wù mí. Ohun tí mo ti kà, máàkì tí mo gbà àti iṣẹ́ tí mò ń lépa ni mo kọ, pẹ̀lú nọ́ńbà kíláàsì Corporate Finance méjì tí àkókò wọn kò forí gbárí pẹ̀lú ti àwọn kọ́ọ̀sì tí mo ti ní.

Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, wọn kò tíì fèsì. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ olùkọ́, mo ń jókòó sẹ́yìn, mo ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ọjọ́ kejì ló kọ ọ́ sójú pátákó pé 100 dọ́là òní, tí èlé bá jẹ́ 5%, á di 105 lọ́dún tó ń bọ̀. Mo rántí èsúsú ìyá mi lọ́jà, bí gbogbo wọn ṣe máa ń fẹ́ kọ́kọ́ kó o. Àṣé ìṣirò ló wà níbẹ̀! Láti ọjọ́ náà, n kò lè fi kíláàsì yẹn sílẹ̀ mọ́.

N kò yọ kọ́ọ̀sì mìíràn kúrò láti fi dúró dè é, nítorí físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, ni mo ní, akẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́ kò sì gbọdọ̀ ní kírẹ́díìtì tó dín sí 12 ní sáà kan láìgbàṣẹ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ìyọ̀ǹda dé. Ẹ ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ dé ìsàlẹ̀: ìyọ̀ǹda kò forúkọ ẹni sílẹ̀, èmi fúnra mi ni mo gbọ́dọ̀ padà lọ forúkọ sílẹ̀ kí ó tó di alẹ́ ọjọ́ kejì. Ọ̀rẹ́ mi kan rò pé wọ́n ti bá òun ṣe é, ààyè rẹ̀ sì lọ. Èmi ò dìde nídìí kọ̀ǹpútà títí mo fi rí orúkọ kọ́ọ̀sì náà lórí àkọsílẹ̀ mi.