Ológbò mi pa àpótí iyanrìn rẹ̀ tì: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ó ti pẹ́ tí ológbò mi ti ń lo àpótí iyanrìn rẹ̀, ìyẹn èyí tó ń tọ̀ tó sì ń yàgbẹ́ sí, dáadáa. Àfi bó ṣe ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣé ó ń bínú sí mi ni?

Rárá o. Ológbò kì í fi ìtọ̀ gbẹ̀san. Ẹranko tó fẹ́ràn ìmọ́tótó ni. Á walẹ̀ kó tó tọ̀, á sì wa erùpẹ̀ bò ó tó bá ṣe tán. Tí irú ẹranko bẹ́ẹ̀ bá sá fún ibi tó ti mọ́ lára, nǹkan kan ló lé e kúrò níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ kò yá, ó lè jẹ́ pé àpótí náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́, ó sì lè jẹ́ pé nǹkan kan ń dẹ́rù bà á nínú ilé. Bí mo ṣe tò ó yìí náà ni kí ẹ ṣe wádìí rẹ̀. Ara rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ má nà án, ẹ má sì ti imú rẹ̀ bọ ìtọ̀. Kò ní mọ̀ pé torí ìtọ̀ lẹ ṣe ń lù ú. Ẹ̀yin ni yóò máa sá fún, yóò sì lọ máa tọ̀ sí kọ̀rọ̀ tí ẹ kò ti ní tètè rí i.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àìsàn ni?

Ẹ ṣọ́ ọ nígbà tó bá lóṣòó. Ṣé ó ń pẹ́ níbẹ̀, tó ń fi gbogbo agbára tì, tí ìtọ̀ náà sì ń kán tó, tó, tó? Ṣé ó ń ké? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀ náà, àbí ó ń lá abẹ́ rẹ̀ ṣáá? Àpò ìtọ̀ tó wú tàbí òkúta inú rẹ̀ lè fa gbogbo ìwọ̀nyí. Ológbò tí ìtọ̀ ń ta nínú àpótí máa ń gbà pé àpótí ọ̀hún ló ń dun òun, ìyẹn ni yóò fi máa wá ibi rírọ̀ lọ: bẹ́ẹ̀dì, kápẹ́ẹ̀tì, aṣọ tí ẹ kó jọ sílẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé omi ló ń mu ní àmujù, tó ń tọ̀ rẹpẹtẹ, ó lè jẹ́ kíndìnrín tàbí àtọ̀gbẹ. Dókítà ẹranko ló lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀ jù lọ rèé. Tí akọ ológbò bá ń lọ tó ń bọ̀ nídìí àpótí, tó ń lóṣòó tó ń dìde, tí ìtọ̀ kò sì jáde, ẹ má dúró di ọ̀la. Ọ̀nà ìtọ̀ akọ tín-ín-rín gan-an, òkúta wẹ́wẹ́ lè dí i pa. Oró tó yẹ kó bá ìtọ̀ jáde yóò máa kún inú ẹ̀jẹ̀, láàárín ọjọ́ kan sí méjì ó lè pa á. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé àìrígbẹ́yà ló ń ṣe é, wọ́n á sì máa retí kí ìgbẹ́ jáde. Tó bá ti wá ń bì, tí kò jẹun, tó lọ sá pamọ́, ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ níkùn. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.

Dókítà ní kò sí àìsàn kankan. Kí ló kù?

Ó ku àpótí. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń tà ló kéré jù. Ẹ wọn ológbò yín láti imú dé ìdí ìrù. Ó yẹ kí gígùn àpótí náà tó ìyẹn àti ààbọ̀ rẹ̀. Ike ńlá tí a fi ń kó ẹrù pamọ́ dára gan-an tí ẹ bá gé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ wálẹ̀. Tó bá ní ìdérí, ẹ ṣí i kúrò, torí ó ń há òórùn mọ́ inú.

Iyanrìn tó kúnná, tí kò ní lọ́fíńdà, ló dáa jù, kó jìn tó sẹ̀ntímítà 3 sí 5. Imú tiwa ni wọ́n ṣe lọ́fíńdà yẹn fún. Imú ológbò mú ju tiwa lọ fíìfíì. Ẹ tún wo bó ṣe ń ṣe níbẹ̀: tó bá ń dúró sí etí àpótí, tó ń gbọn ẹsẹ̀ nù, tó ń fò jáde láì bo ohun tó ṣe, iyanrìn náà ni kò fẹ́. Ẹ gbé oríṣi méjì sínú àpótí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, yóò fúnra rẹ̀ yan èyí tó wù ú. Ẹ máa kó ìgbẹ́ ibẹ̀ lójoojúmọ́. Kí àpótí má sì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ tàbí ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń pariwo.

Mo fọ ibi tó tọ̀ sí, ó tún padà síbẹ̀.

Òórùn ṣì wà níbẹ̀, bí imú yín kò tiẹ̀ gbọ́ ọ. Ohun ìfọlẹ̀ tó ní ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà tó ń fọ́ ohun tó ń mú ìtọ̀ rùn sí wẹ́wẹ́, ni kí ẹ lò. Ẹ má lo èyí tó ní amóníà, torí òórùn rẹ̀ jọ ti ìtọ̀. Ẹ má sì da bílíìṣì sí ìtọ̀, èéfín tó máa ń yọ jáde léwu. Tó bá gbẹ tán, ẹ gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ síbẹ̀. Ológbò kì í fẹ́ tọ̀ síbi tó ti ń jẹun.

Ara ògiri ló ń tọ̀ sí, ó sì máa ń wà lóòró.

Ìyẹn yàtọ̀. Tó bá na ìrù sókè, tí ìrù ń gbọ̀n, tó sì fọ́n ìtọ̀ díẹ̀ sára ògiri, ààlà ló ń pa. Akọ tí wọn kò tẹ̀ lọ́dàá ló ń ṣe é jù, títẹ̀ ẹ́ sì máa ń dá púpọ̀ nínú wọn lẹ́kun. Bí ológbò àjèjì bá ń wá sí ojú fèrèsé, ẹ bo fèrèsé náà.

Ológbò mẹ́ta ni mo ní, àpótí méjì. Ọ̀kan ń tọ̀ síta.

Ẹ jẹ́ kó di mẹ́rin, ìyẹn ọ̀kan fún ológbò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ẹyọ kan lé e. Ẹ má tò wọ́n sójú kan, torí lójú ológbò, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n. Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo èyí tó kù ràn-ràn, ìyẹn kò sì láyà láti kọjá. Ẹ lè má rí wọn kí wọ́n máa jà rárá.

Tèmi ti darúgbó, ẹ̀gbẹ́ àpótí gan-an ló ń tọ̀ sí.

Ó ń gbìyànjú, oríkèé ló ń ro ó. Ẹ wá àpótí tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ gbé e sítòsí ibi tó ń sùn, kí ẹ sì béèrè oògùn ìrora lọ́wọ́ dókítà ẹranko. Ẹ má fún un ní parasitámọ́ọ̀lù láé, ó ń pa ológbò.