Bí a ṣe ń díwọ̀n iṣẹ́ àti ewu kí sprint tó bẹ̀rẹ̀

Sprint ni àkókò kúkúrú tí ẹgbẹ́ tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà máa ń yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ tí wọ́n ti yàn. Ẹ má fi ọjọ́ tí oníbàárà ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Wákàtí tí ẹ ní gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ká ní ẹ̀yin márùn-ún lẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní Wuse l'Ábújá, tí sprint yín jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ìyẹn ọjọ́ iṣẹ́ 10: wákàtí 6 lójúmọ́ ni kí ẹ kà, ìpàdé àti ìpè ló ń jẹ ìyókù. 5 × 10 × 6 jẹ́ 300. Bí ìsinmi Iléyá bá gba ọjọ́ 2, ó di 240. Ẹ tún bi ẹni tó ń lọ sílé ní Ìlọrin lọ́jọ́ tí yóò padà.

Iṣẹ́ tí kò bá yé yín tán, ẹ bi ẹni tí yóò ṣe é: ọjọ́ mélòó bí gbogbo rẹ̀ bá lọ geere? Mélòó bó bá rí bó ṣe máa ń rí? Mélòó bó bá dojú rú? Ẹ sọ ìdáhùn kejì di ìlọ́po 4, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ fi 6 pín in. 2, 4 àti 12 yóò fún yín ní ọjọ́ 5. Ṣùgbọ́n àlàfo láàárín 2 àti 12 yẹn gan-an ni ewu. Ẹ fi ọjọ́ kan dán ibi tó ṣókùnkùn wò kí ẹ tó ṣèlérí. Iṣẹ́ tó so mọ́ báńkì ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, torí kọ́kọ́rọ́ ìdánwò (àmì àṣírí tí báńkì máa ń fúnni láti fi dán ètò wò) lè pẹ́ kó tó dé.

Ẹ fún ewu kọ̀ọ̀kan ní máàkì 1 sí 5 fún bó ṣe lè ṣẹlẹ̀ tó, 1 sí 5 fún ìpalára rẹ̀, kí ẹ fi máàkì kìíní sọ èkejì di ìlọ́po. Èyí tó bá tó 12, ẹ fi orúkọ ẹnìkan tí yóò máa bójú tó o sí i.