Bí A Ṣe Lè Mú Kí Àwọn Ọmọ Iléèwé Girama Fọwọ́ Ara Wọn Tọ́jú Odò Àdúgbò

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa kún àkúnya n'Íbàdàn, tó gbé ilé, gbé ọkọ̀, gbé èèyàn lọ. Omíyalé làwọn àgbà ń pè é. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya wọ ilé onílé nígboro kan náà. Òjò ńlá ló rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ omi ò ríbi gbà: a ti kọ́lé sójú ọ̀nà ẹ̀, a sì ti fi pàǹtí dí èyí tó kù. Àwọn ọmọ tó wà ní girama báyìí ò tíì dáyé nígbà ti àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n máa bá àwọn odò wọ̀nyí gbé pẹ́ jù lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá wọn ṣiṣẹ́ létí odò kékeré kan tó wà lẹ́yìn iléèwé wọn, ọdún kẹfà sì rèé. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ àdúgbò tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe irú ẹ̀, bí a ṣe ń ṣe é nìyí.

Ẹ mú ibì kan ṣoṣo

Ẹ má kó àwọn ọmọ káàkiri ìlú. Ẹ wá odò, gọ́tà tàbí ilẹ̀ kan tí wọ́n lè fẹsẹ̀ rìn dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ ẹ sì dúró tì í. Ọmọ tó ṣa pàǹtí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀, tí wọ́n fún un ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò, á ti gbàgbé ibẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Ṣùgbọ́n èyí tó ń padà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì, inú máa ń bí i tó bá bá ọ̀rá tuntun níbẹ̀. Irú ìbínú yẹn gan-an là ń wá.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má mú ọkọ́, ẹ má mú àdá. Ẹ kàn rìn, kẹ́ ẹ sì wá àgbà kan tó mọ ibẹ̀ látijọ́. Nígbà tiwa, ìyá arúgbó kan tí ilé ẹ̀ wà lẹ́bàá afárá ló jókòó tì wá. Ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń mu omi yìí?" Ìyá dáhùn: "Ọmọ mi, kí là bá tún máa mu? Òkè lọ́hùn-ún la ti ń pọn, ìsàlẹ̀ níbí la ti ń fọṣọ. Akàn á sì máa mú wa lẹ́sẹ̀." Àwọn ọmọ wo omi náà. Ó dúdú bí aró. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ títí a fi kúrò níbẹ̀. Gbogbo àlàyé tí mo ti ṣe ní kíláàsì, kò wọ̀ wọ́n lára tó ọ̀rọ̀ akàn yẹn.

Tí owó ọkọ̀ bá wà, ẹ kó wọn lọ sí Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, èyí tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005. Èèwọ̀ ni kéèyàn gégi níbẹ̀, èèwọ̀ ni kó dọdẹ, èèwọ̀ ni kó pẹja. Wọ́n á fojú ara wọn rí bí etídò ṣe ń rí tí wọn ò bá fọwọ́ kàn án, wọ́n á sì mọ̀ pé àwọn baba wọn ti ń dáàbò bo igbó tipẹ́.

Ẹ má fi ṣe ìyà

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ dáadáa. Níléèwé wa, ta ló ń gé koríko? Ẹni tó pẹ́ dé. Ta ló ń ṣa bébà? Ẹni tó pariwo ní kíláàsì. Láti JSS1 ni a ti ń fi kọ́ ọmọ pé ìyà ni ìtọ́jú àyíká. Tẹ́ ẹ bá wá sọ fún un ní SS1 pé kó wá fínnúfíndọ̀ ṣe é, ẹ̀rín ló máa fi yín rín. Ẹ bẹ ọ̀gá iléèwé pé kí wọ́n má fi ẹ̀ṣẹ̀ kankan ran ọmọ wá síbi iṣẹ́ yìí. Ẹ má sì fi máàkì fà wọ́n wá. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó bá fẹ́ máa wá, bó tilẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ péré. Mẹ́sàn-án la fi bẹ̀rẹ̀. JSS2 sí SS2 ló dáa jù, torí WAEC àti NECO ò ní jẹ́ kí SS3 ráyè.

Níbo ni pàǹtí ń lọ?

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ iléèwé, lọ́wọ́ baálẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ àwọn onílé, kí òbí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì fọwọ́ sí lẹ́tà. Ìyẹn ò le. Ohun tó le ni ọkọ̀ tó máa kó pàǹtí. Lọ́dún àkọ́kọ́, ọ́fíìsì kan ṣèlérí ọkọ̀ fún wa. A kó ogójì àpò jọ sétídò, a dúró títí, a ò rí wọn. Lóru ọjọ́ kẹta, òjò ńlá rọ̀, ó sì kó gbogbo ẹ̀ padà sínú omi. Ojú táwọn ọmọ fi wò mí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Láti ìgbà náà, a kì í gbé pàǹtí kankan sókè àfi tí a bá ti sanwó fún ẹni tó máa kó o lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ má sì dáná sun ún. Èéfín ọ̀rá burú fún ẹ̀dọ̀fóró ọmọ.

Lọ́jọ́ iṣẹ́

Wákàtí méjì ti tó, láàárọ̀ Sátidé. Àgbàlagbà kan sí ọmọ mẹ́wàá. Kálukú wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn àti bàtà òjò. Ọmọ kankan ò gbọdọ̀ wọnú omi, a kì í sì í lọ lọ́jọ́ kejì òjò ńlá. Abẹ́rẹ́, ìgò tó fọ́, òkú ẹran: àgbàlagbà ló ń fi ṣọ́bìrì kó o. Kí ọṣẹ àti omi wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jẹun.

Bí wọ́n bá ṣe ń ṣà á ni kí wọ́n máa yà á sọ́tọ̀: ìgò ike, ọ̀rá, agolo, ohun tó ń jẹrà. Àwọn tó ń ra ike máa ń fi kílò rà á. Owó tí a bá rí lórí ike yẹn la fi ń ra ìbọ̀wọ́, àwọn ọmọ fúnra wọn ló sì dìbò bẹ́ẹ̀.

Ọmọkùnrin kan fa ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan yọ nínú ẹrẹ̀ tó ti le gbagidi. Ó fi omi ṣàn án, ó gbé e sókè sí oòrùn. Nọ́ńbà NAFDAC ara ẹ̀ ṣì ṣeé kà.

Igi díẹ̀ tó máa yè

Ọgbọ̀n igi la gbìn lọ́dún àkọ́kọ́. Ewúrẹ́ jẹ lára ẹ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ pa ìyókù nígbà tí iléèwé gba ìsinmi Kérésìmesì. Mẹ́rin ló kù. Lọ́dún kejì, mẹ́wàá péré la gbìn, ọmọ méjì-méjì sí igi kan, mẹ́jọ ló sì yè.

Oṣù Kẹfà ni kẹ́ ẹ gbìn ín, kí gbòǹgbò ti mú ilẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, kẹ́ ẹ kó ilẹ̀ dúdú tó wà lókè sísàlẹ̀ ihò. Ẹ bọ́ ọ̀rá tó wà nídìí igi náà kúrò. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé èyí. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ ìdí ẹ̀ láìjẹ́ kó kan ara igi, kẹ́ ẹ sì fi ọparun ṣe ọgbà yí i ká. Láti oṣù Kọkànlá, àwọn ọmọ tí ilé wọn sún mọ́ ibẹ̀ ni kó máa bomi rin ín lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Èmi fara mọ́ máńgòrò àti àgbálùmọ̀, torí ọmọ kì í fi ohun tó máa jẹ ṣeré.

Ìwé náà ṣe pàtàkì ju fọ́tò lọ

Ẹ ra ìwé ńlá kan àti òṣùwọ̀n tí wọ́n ń fi nǹkan kọ́. Kí ọmọ kan máa wọn àpò, kí èkejì máa kọ ọ́: ọjọ́, kílò, irú pàǹtí, ibi tí wọ́n ti bá a. Olùkọ́ ò gbọdọ̀ bá wọn kọ ọ́. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn ọmọ tiwa yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ìsàlẹ̀ ibi tí àwọn ọkọ̀ dáńfó ti ń dúró ni ọ̀rá ti ń pọ̀ jù. Wọ́n gbé ìwé náà lọ sípàdé àwọn onílé. Bàbá alága ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n tún un kà. Oṣù yẹn ò tíì parí tí dúróòmù méjì fi dúró síbùdókọ̀ náà, àwọn ìyá tó ń ta omi níbẹ̀ ló sì ń ṣọ́ ọ.

Kí àwọn SS2 tó wọ SS3, wọ́n ní láti fa ìwé náà lé ẹni tó wà lẹ́yìn wọn lọ́wọ́, létí odò, níṣojú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹni tó bá gbà á á kọ orúkọ ara ẹ̀ sójú ewé àkọ́kọ́. Orúkọ mẹ́fà ló wà nínú tiwa báyìí.