Bí ilé-iṣẹ́ bàálù ṣe ń bójú tó àyíká àti ènìyàn: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé epo

Ilé-iṣẹ́ bàálù tó bá fẹ́ fi hàn pé òun ń tọ́jú àyíká sábà máa ń sáré lọ gbin igi. Wọ́n á wọ aṣọ kan náà, wọ́n á ya fọ́tò, ọyẹ́ á sì dé bá igi náà láìsí ẹni tó bomi rin ín. Igi gbíngbìn kò burú, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ wà. Ẹni tí kò bá mọ iye epo tí bàálù rẹ̀ jó lánàá, kò lè mọ iye èéfín tó tú sílẹ̀, kò sì lè mọ èyí tó máa dín kù.

Ẹ kọ́kọ́ yan ẹni tí iṣẹ́ náà máa wà lọ́rùn rẹ̀. Òfin ìyípadà ojú ọjọ́ tí Nàìjíríà ṣe ní 2021 sọ ọ́ di dandan pé kí ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yan òṣìṣẹ́ kan tí á máa fi ìròyìn lórí èéfín ránṣẹ́ sí ìjọba lọ́dọọdún. Ẹ má gbé e fún ẹni tó ń ṣe ìpolówó ọjà. Ẹni tó lè wọ ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣètò ìrìn bàálù, tó lè ní kí wọ́n kó ìwé wá, tí wọ́n á sì kó o wá, ni kí ẹ fún.

Ìwé epo

Kìlógíráàmù 1 Jet A-1, epo tí bàálù ń lò, tó bá jó máa ń di kìlógíráàmù 3.16 èéfín CO2. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé èéfín wúwo ju epo lọ: ọ́síjìn tí ẹ́ńjìnnì fà wọlé láti inú afẹ́fẹ́ ló kún un. Bí bàálù bá jó 2,500 kg láti Abuja dé Èkó, ó ti tú 7,900 kg sílẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà mẹ́rin ni kí ẹ gbà: epo tó wà nínú táǹkì kí wọ́n tó rọ òmíràn sí i, iye tí wọ́n rọ, epo tó wà nínú rẹ̀ nígbà tí bàálù kúrò níbi ìgúnlẹ̀, àti èyí tó kù nígbà tó dúró ní ibi tó ń lọ. Ẹ yọ ìkẹrin kúrò nínú ìkẹta, ẹ ti rí epo ìrìn náà. Ẹ wá ro àkọ́kọ́ àti ìkejì pọ̀. Ó yẹ kó sún mọ́ ìkẹta. Bó bá fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlógíráàmù jìnnà sí i, yálà bàálù pẹ́ nílẹ̀ tó ń jó epo, tàbí ẹnì kan kọ nọ́ńbà tí kò rí.

Ibi tí ìṣirò ti ń dàrú jù ni lítà. Lítà ni ẹni tó ta epo ń kọ sínú ìwé, kìlógíráàmù ni awakọ̀ ń kọ. Lítà 3,125 jẹ́ 2,500 kg bí lítà kan bá wọn 0.8 kg, akọ̀wé tó bá kọ 3,125 sábẹ́ kìlógíráàmù ti fi ìdá kan nínú mẹ́rin kún èéfín yín láìmọ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé epo máa ń fẹ̀ nínú ooru, tí lítà kan rẹ̀ á sì fúyẹ́. Ní Màìdúgùrì tàbí Sókótó lóṣù kẹrin, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sórí rìsíìtì lọ́jọ́ náà ni kí ẹ lò. Ibi tí kò bá sí ni kí ẹ ti lo 0.8.

CORSIA, ètò lórí èéfín bàálù tí ICAO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ìrìn bàálù, fẹnu kò lé lórí ní 2016, kò kan ìrìn Abuja sí Kano. Ìrìn láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn nìkan ló kàn, ti ilé-iṣẹ́ tí bàálù rẹ̀ tó wúwo ju 5,700 kg lọ bá tú ju tọ́ọ̀nù 10,000 CO2 sílẹ̀ lọ́dún. Ìrìn Hajj láti Abuja sí Jeddah wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn ti máa ń ṣẹlẹ̀ nítorí bàálù àyágbé. Ojútùú rẹ̀ kò le: ẹ wo àyè keje nínú fọ́ọ̀mù ètò ìrìn. Ilé-iṣẹ́ tí àmì ìpè rẹ̀ wà níbẹ̀ ló ni èéfín náà, ì báà jẹ́ ẹlòmíràn ló ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ayẹ̀wéwò tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín gbọ́dọ̀ yẹ ìròyìn ọdún wò, kó sì dé ọwọ́ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìn bàálù ní Nàìjíríà, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹ pa ìwé rẹ̀ mọ́ fún ọdún 10.

Epo tí kò yẹ kó jó

Ojú títì ni epo bàálù ń gbà dé òkè ọya, nínú táńkà, ìdí nìyẹn tó fi máa ń wọ́n ju ti Èkó lọ. Awakọ̀ á wá gbé epo àlọ àti àbọ̀ láti Èkó. Ẹrù náà pẹ̀lú ń jó epo: fún wákàtí kan ìrìn, bí ìdá 3 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún epo àfikún yẹn ló máa lọ lórí gbígbé e. Ẹ gbé 3,000 kg, bí 100 kg ti lọ lásán, èéfín rẹ̀ sì ju 300 kg lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ ní ìrìn kọ̀ọ̀kan. Bí ìyàtọ̀ iye owó kò bá kọjá ohun tó ṣòfò, ẹ ra epo níbẹ̀. Àmọ́ bí epo kò bá sí níbẹ̀ rárá, kò sí ìjíròrò. Ẹ gbé e.

APU, ẹ́ńjìnnì kékeré tó wà ní ìdí bàálù, ń jó nǹkan bí 100 kg ní wákàtí kan lórí Boeing 737. Jẹnẹrétọ̀ ilẹ̀ ń jó díẹ̀ nínú ìyẹn. Ìdí tí awakọ̀ kì í fi í pa APU ni pé jẹnẹrétọ̀ ti bàjẹ́ tàbí kò tètè dé. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó fi lẹ́tà kìlọ̀ fún awakọ̀. Jẹnẹrétọ̀ nìkan kò sì ń mú inú bàálù tutù: bí oòrùn bá mú tí kò sí ọkọ̀ amúlétutù, ẹ jẹ́ kí APU ṣiṣẹ́. A kì í tìtorí epo sun èrò nínú ọkọ̀.

Eruku ọyẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn abẹ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì á gbóná sí i, á sì máa jẹ epo ju bó ti yẹ lọ. Ẹ fọ̀ ọ́ bí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, kí ẹ sì gba omi rẹ̀ sínú àpò tàbí táǹkì. Ó ní ègé irin nínú, kò yẹ kó wọ gọ́tà.

Epo tí mẹkáníìkì ń fà láti ìsàlẹ̀ táǹkì láàárọ̀ láti wò ó bóyá omi wà nínú rẹ̀, inú garawa oníderí ni kó lọ, kì í ṣe orí ilẹ̀. Ẹ gún agolo òróró ẹ́ńjìnnì tó bá ti ṣófo. Oògùn tó wà nínú òróró yẹn máa ń ba iṣan ara jẹ́, agolo rẹ̀ sì dán débi pé ẹnì kan á gbé e lọ ilé láti rọ òróró ẹ̀pà sí. Taya àti bátìrì, ẹ fi lé ẹni tó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, ẹ gba ìwé ìfọwọ́sí.

Ènìyàn

Bí ìrìn láàárín Nàìjíríà bá fi wákàtí kan pẹ́, òfin NCAA ní kí ẹ fún èrò ní ìpanu àti ohun mímu. Bó bá kọjá wákàtí méjì, ẹni tó bá fẹ́ owó rẹ̀ padà lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bó bá wọ aago mẹ́wàá alẹ́, ilé ìtura. Ẹ ti bá ẹni tó máa gbé oúnjẹ wá ṣe àdéhùn ní pápá kọ̀ọ̀kan ṣáájú. Ìkéde ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò tó ní Kano. Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ l'Abuja tí Hausa rẹ̀ kò ju «sannu» lọ, kó má fi ẹnu ara rẹ̀ gbìyànjú ẹ̀: kó lo ohùn tí ẹni tó gbọ́ èdè náà dáadáa ti ká sílẹ̀.

Àwọn tó ń kó ẹrù, tí agbaṣẹ́ṣe gbà síṣẹ́, tiyín ni wọ́n náà. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn: omi tútù, ìbòjì, ohun tí wọ́n á fi dí etí nítorí ariwo, ọjọ́ tí owó oṣù máa wọlé. Ẹ lọ wò ó ní ọ̀sán gangan, ẹ má bi ọ̀gá wọn.

Ẹ kọ́ òṣìṣẹ́ inú bàálù láti dá ẹni tí wọ́n ń kó lọ tà mọ̀: ọ̀dọ́bìnrin tí ẹlòmíràn di ìwé ìrìnnà rẹ̀ mú, tí kò mọ ìlú tó ń lọ, tí ẹni tó tẹ̀ lé e ń dáhùn fún un. Kí wọ́n má kojú ẹni tó tẹ̀ lé e náà. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà ìjókòó, kí wọ́n sọ fún ọ̀gá awakọ̀, kí àwọn tó wà nílẹ̀ sì pe NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti kíkó ènìyàn tà, lórí 627 kí ilẹ̀kùn bàálù tó ṣí.