Wíwo ẹyẹ omi létí adágún Ọyán

Abẹ́òkúta kò sí létí òkun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wo ẹyẹ omi kò ní láti tìtorí rẹ̀ lọ Èkó. Dáàmù Ọyán, tí wọ́n ṣí ní 1983, ti sọ odò di adágún tí fífẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 4,000, kò sì jìnnà ju nǹkan bí kìlómítà 20 sí ìlú. Oṣù Èrèlé lèmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi yàn. Omi ti fà nígbà náà, ẹrẹ̀ ti yọ létí adágún, inú ẹrẹ̀ yẹn sì lẹyẹ ti ń rí jẹ. Àwọn tó sá fún òtútù Yúróòpù náà kò tíì padà.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí la ti sọdá odò Ògùn ní Ẹnu-Gádà. Láti mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án lẹyẹ ń jẹun jù. Tí oòrùn bá ti mú, wọ́n á wọnú koríko, ooru á sì máa jó lójú omi débi pé bínókúlà kò ní ríran mọ́.

A kọ́kọ́ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ àtàwọn apẹja, a sọ ohun tí a bá wá. Ẹ má ṣe kọ bínókúlà sí ògiri dáàmù rárá, àlàyé rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀.

Etí ìlà-oòrùn la jókòó sí, kí oòrùn lè wà lẹ́yìn wa. Tó bá wà níwájú, gbogbo ẹyẹ á dúdú, àwọ̀ kan ò ní hàn. Bínókúlà wa jẹ́ 8×42: ó ń fa nǹkan súnmọ́ ní ìlọ́po 8, gíláàsì iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ ní mílímítà 42. Mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti lo 12×, torí bó ṣe ń sọ ẹyẹ di ńlá náà ló ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ di ńlá. Ẹ di ojú ọ̀tún, ẹ yí kẹ̀kẹ́ àárín títí ojú òsì á fi rí ewé kan kedere. Lẹ́yìn náà, ẹ di ojú òsì, ẹ fi kẹ̀kẹ́ àárín sílẹ̀, òrùka kékeré tó wà ní ojú ọ̀tún ni kí ẹ yí. Ojú lásán la fi ń wá ẹyẹ. Ẹ má gbójú kúrò lára rẹ̀, ẹ gbé bínókúlà wá bá ojú.

Lékeléke wà lẹ́yìn màlúù tó wá mumi. Láàárín ẹsẹ̀ màlúù wọ̀nyẹn, yellow wagtail ń ju ìrù gígùn, ikùn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Lórí ẹrẹ̀, common sandpiper ń gbọ̀n ìdí bó ti ń rìn. Pied kingfisher, dúdú òun funfun, rọ̀ sójú kan lófuurufú, ó sì forí sọ omi. Ó wù mí láti máa wo jacana lórí ewé òṣíbàtà: ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìwúwo rẹ̀ fi pín káàkiri, ewé kò sì rì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki ẹsẹ̀ bọmi. Àrùn àtọ̀sí ajá (schistosomiasis) wà ní adágún yìí. Ìgbín kékeré inú omi ló ń tú kòkòrò rẹ̀ jáde, awọ ara ló sì ń gbà wọlé, kò dìgbà téèyàn bá mu omi náà. Ibi tí omi ti dákẹ́, tí koríko ti pọ̀, ló ti ń ṣọṣẹ́ jù, ibẹ̀ kan náà lẹyẹ sì fẹ́ràn. Bàtà rọ́bà tó dé orúnkún la wọ̀. Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ. Praziquantel loògùn rẹ̀.

Oúnjẹ wa ò ju mọ́ínmọ́ín ewé àti ẹ̀kọ lọ, pẹ̀lú omi lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Nigeria Bird Atlas Project, iṣẹ́ tó ń ṣàkójọ ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà ní Nàìjíríà, la kọ àkọsílẹ̀ wa fún, lórí áàpù BirdLasser. Ó kéré tán, wákàtí méjì lẹ máa fi wo ẹyẹ, kí ẹ kọ irú kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré, bí ẹ ṣe rí wọn tẹ̀léra. Èyí tí kò bá dá yín lójú, ẹ fò ó. Àwọn àwòdì tí a rí lókè kárà Làfẹ́ńwá nígbà tí à ń bọ̀ kò bá ti Ọyán lọ: iṣẹ́ náà pín ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí kìlómítà 9 lóròó àti níbùú, àkọsílẹ̀ tirẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní; onígun mẹ́rin mìíràn ni Làfẹ́ńwá bọ́ sí. A ṣí àkọsílẹ̀ tuntun fún un.