Tí ìwé ìròyìn bá ní ẹ̀yin súpọ́tà lẹ dá wàhálà sílẹ̀, ẹ má tíì fèsì

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni, mo wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti Nyanya, gósílóò ti mú wa pa sí Kugbo, bí ẹnì kan ṣe ju sikirinṣọ́ọ̀tù sínú gúrúùpù WhatsApp wa nìyẹn. Ìwé ìròyìn kan ní ìlú tá a ti lọ wo bọ́ọ̀lù lánàá ẹ̀ ló gbé e jáde, àkọlé gàdàgbà, pé àwa súpọ́tà tó ti Abuja wá ya wọ pápá, a lu rẹfirí, a fọ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Mo wà níbẹ̀ o! Ẹsẹ̀ mi ò kan koríko pápá yẹn, mi ò sì rí ẹnikẹ́ni nínú wa tó sún mọ́ rẹfirí. Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, àfi bíi pé Kugbo níbẹ̀ ni ọ́fíìsì àwọn oníròyìn yẹn wà.

Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni ohun tó yẹ ká ti ṣe lọ́jọ́ yẹn, torí a ò ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà tọ́rọ̀ ti bàjẹ́ la ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń tún un ṣe. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń tẹ̀lé kílọ́ọ̀bù kiri, ì báà ṣe ti NPFL, líìgì bọ́ọ̀lù Nigeria, ì báà ṣe Super Eagles, ẹ fi pamọ́.

Àkọ́kọ́ ná, ẹ gbọ́wọ́ kúrò lórí fóònù. Ẹ má fèsì, ẹ má pín in, ẹ má kọ "irọ́ ni!!!" sábẹ́ ẹ̀. Kí n tó dé Wuse lọ́jọ́ yẹn, ẹnì kan nínú wa ti pe oníròyìn náà lọ́mọ àlè ní gbangba, òmíràn ti wá nọ́ńbà ẹ̀ jáde ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ Facebook, ọmọkùnrin kan tí ò tiẹ̀ bá wa lọ sí ìlú yẹn wá ní òun mọ ilé ẹ̀. Tó fi máa dọ̀sán, wọ́n ti gbé ìròyìn kejì jáde, pé súpọ́tà ń halẹ̀ mọ́ oníròyìn. Ìyẹn sì jóòótọ́. Ti àkọ́kọ́ ní àbùmọ́ nínú, ti ẹ̀ẹ̀kejì ò ní rárá, àwa la fọwọ́ ara wa kọ ọ́ fún wọn. Yàtọ̀ síyẹn, ẹ rántí pé ní Òkè Ọya níbí, Abuja náà wà níbẹ̀, Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti apá ibí, ni wọ́n ń lò, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni kéèyàn ba ẹlòmíì lórúkọ jẹ́ lábẹ́ ẹ̀, Cybercrimes Act tọdún 2015, òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, náà sì wà fún ẹni tó bá ń fi fóònù dẹ́rù ba èèyàn. Kí wọ́n má lọ tìtorí bọ́ọ̀lù gbé yín.

Ẹ wá jókòó síbì kan, kẹ́ ẹ kọ ohun tójú yín rí sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka ìròyìn yẹn lẹ́ẹ̀kejì, kẹ́ ẹ sì tó gbọ́ tàwọn ará gúrúùpù. Mò ń sọ èyí gan-an torí ibí yìí ni gbogbo iṣẹ́ wà. Téèyàn mẹ́wàá bá ti jọ sọ̀rọ̀ tán, ojú kan náà ni gbogbo wọn á máa fi rí i, ẹni tó wà ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì nígbà yẹn á máa ṣàpèjúwe bí ọlọ́pàá ṣe yìnbọn. Èyí ni mo kọ sí fóònù tèmi: "Aago 5:41, rẹfirí fún wọn ní pẹnáritì. Piọ́ wọ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti ọ̀dọ̀ wa, bíi mẹ́wàá, ọ̀kan ba láìnsìmánù léjìká. 5:44, ọlọ́pàá yin tajútajú. Géètì méjì ló wà lápá ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti ọ̀kan pa. Mo gbọ́ tí gíláàsì fọ́ níta, mi ò rí ẹni tó fọ́ ọ." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé ẹ rí i pé piọ́ wọ́tà wà níbẹ̀? Ẹ kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n kan nínú wa ní kí n yọ ọ́, ó ní a ò lè máa kó ẹ̀rí fún ọ̀tá. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, láìnsìmánù yẹn mọ̀ pé omi ba òun, ẹgbẹ̀rún èèyàn ló rí i, tá a bá parọ́ lórí piọ́ wọ́tà, ta ló máa gbà wá gbọ́ lórí rẹfirí?

Aago tí mo kọ yẹn, mi ò fi orí sọ ọ́ o, fọ́tò tí mo yà ni mo wò, fóònù máa ń tọ́jú ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ ya á. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp lásán, gbogbo ìyẹn máa ń pòórá, torí náà ẹ bẹ ẹni tó ya á pé kó fi ránṣẹ́ bíi document. Kẹ́ ẹ sì má gé fídíò kúrú. Èyí tẹ́ ẹ bá gé, ohun tẹ́ ẹ gé dànù ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ padà sínú ìròyìn náà wàyí, kẹ́ ẹ kà á ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, torí ìròyìn ìjà kì í sábà jẹ́ irọ́ látòkèdélẹ̀. Ẹ rántí MKO Abiola Stadium níbí, 29 March 2022, Nigeria pẹ̀lú Ghana, 1-1, bí tíkẹ́ẹ̀tì World Cup ṣe bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn. Mo wà lórí ìjókòó òkè, mo rí bí wọ́n ṣe ya wọ pápá tí wọ́n ń fọ́ nǹkan. Ìyẹn ò ṣeé jiyàn sí, FIFA bu owó ìtanràn 150,000 Swiss francs lé wa, wọ́n sì ní ká gbá eré kan láìsí òǹwòran. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, dókítà ará Zambia kan tó wá ṣiṣẹ́ níbi eré náà kú, ló bá di pé àwọn kan ń gbé e kiri pé súpọ́tà ló lù ú pa. Àwọn NFF, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù Nigeria, jáde pé ẹnikẹ́ni ò lù ú, pé ìtòsí yàrá ìmúra àwọn Ghana ni wọ́n ti bá a tó ń mí gúlegúle. Ọ̀rọ̀ méjì nìyẹn, wọ́n dì í sínú ìròyìn kan ṣoṣo. Ẹni tó bá dáhùn pé "irọ́ ni gbogbo ẹ̀" ti sọ ẹjọ́ tó yẹ kó jàre nù.

Nítorí náà, ẹ mú bírò, ẹ fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ béèrè pé ta ló sọ ọ́. Ti wa ní gbólóhùn mọ́kànlá. Mẹ́fà nínú ẹ̀ jóòótọ́. Lórí lílu rẹfirí, "a gbọ́ pé" ló wà níbẹ̀, kò sórúkọ èèyàn, kò sórúkọ ọlọ́pàá, rẹfirí fúnra ẹ̀ ò sì sọ nǹkan kan. Òfin tí àwọn oníròyìn Nigeria fọwọ́ ara wọn ṣe ní Ilorin lọ́dún 1998 ní kí wọ́n ya ohun tó ṣẹlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àbá àti èrò ọkàn wọn, kí wọ́n tètè tún àṣìṣe ṣe, kí ẹni tí wọ́n bá kọ nǹkan nípa ẹ̀ sì láǹfààní láti fèsì. Ẹ fi ìyẹn sápò, ẹ máa nílò ẹ̀.

Fọ́tò ńkọ́? A wà lórí bẹ́ǹṣì aláṣáyì lẹ́yìn máákẹ́ẹ̀tì Nyanya lálẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn, ẹni mẹ́rin lórí fóònù kan, a ń fẹ àwòrán tí ìwé ìròyìn yẹn lò títí ó fi ń wó wẹ́wẹ́. Iná tí ń jó wà níbẹ̀, èrò ń sá. Aláṣáyì tó ń dín ẹyin ló nawọ́ sí i, ó fi Hausa béèrè pé kí ni ilẹ̀ pupa tó yí pápá ká yẹn. Gbogbo wa wo ara wa. Ibi tí wọ́n ti ń sáré ìje ni! Pápá tá a ti lọ wo bọ́ọ̀lù ò ní in, koríko ló kan ògiri. A fi Google Lens, tó máa ń wá ibi tí àwòrán ti jáde rí, wá a, ó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú ọjọ́ eré wa. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń wo tiyín, ẹ wo bọ́ọ̀dù ìpolówó, òpó iná, àwọ̀ jẹ́sì, òjìji èèyàn pàápàá, torí eré aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ò lè ní òkùnkùn.

Ó kan lẹ́tà. Akọ̀wé wa, tíṣà ni, kọ ojú ewé mẹ́rin. Ó bẹ̀rẹ̀ látọdún tí wọ́n dá ẹgbẹ́ súpọ́tà sílẹ̀, ó fi "agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà" ṣáájú, ó fàdúrà kádìí ẹ̀. Ó dùn ún kà o, kí n má parọ́, ṣùgbọ́n kò sí édítọ̀ tó máa tẹ ojú ewé mẹ́rin, ti ọ̀hún ò sì gbọ́ Yorùbá. Èyí tá a wá kọ, tí wọ́n wá bá wa túmọ̀, rèé:

"Nínú ìròyìn yín ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹ ní súpọ́tà tó ti Abuja wá lu rẹfirí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fídíò tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí fi hàn pé òun àti ọlọ́pàá méjì ló jọ rìn kúrò lórí pápá, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Àwọn kan nínú wa ju piọ́ wọ́tà, ó ba láìnsìmánù kan, a tọrọ àforíjì. A ò mọ ẹni tó fọ́ ọkọ̀. Àwòrán tẹ́ ẹ lò kì í ṣe ti pápá yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ sì tẹ àtúnṣe."

Alága fọwọ́ sí i, akọ̀wé fọwọ́ sí i, nọ́ńbà fóònù wà nísàlẹ̀. Ẹ fún akọ̀wé kílọ́ọ̀bù ní ẹ̀dà kan pẹ̀lú fídíò, torí kọmíṣánnà eré, ẹni tí wọ́n rán wá ṣọ́ eré náà, máa ń kọ ìròyìn tiẹ̀ fún NPFL, kílọ́ọ̀bù ló sì máa ń sanwó tí súpọ́tà bá dàlú rú.

Tí édítọ̀ bá dákẹ́, Nigerian Press Council, tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí ìwé ìròyìn, wà ní Abuja níbí, tó bá jẹ́ rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n, NBC ni. Ẹ sì lè fi òfin FOI tọdún 2011, tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìsọfúnni lọ́wọ́ ìjọba, kọ̀wé sí ọlọ́pàá pé èèyàn mélòó lẹ mú, kí lẹ́sùn wọn, ọjọ́ méje lòfin fún wọn láti dáhùn. Tiwa gbà ju méje lọ, ẹ̀ẹ̀mejì la padà lọ, ṣùgbọ́n èsì dé: èèyàn méjì, wọ́n ti tú wọn sílẹ̀, kò sí ẹ̀sùn lílu rẹfirí níbẹ̀.

Táwọn kan bá ní ìwé kíkọ ò lè ṣe nǹkan kan, ẹ ní kí wọ́n bi àwọn Liverpool ní fíúwìn sẹ́ńtà yín. Hillsborough, pápá bọ́ọ̀lù kan ní England, 15 April 1989, èrò há mọ́ra, súpọ́tà Liverpool mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ló bá a lọ. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀, ìwé ìròyìn The Sun ti England kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ pé súpọ́tà ja òkú lólè, wọ́n sì tọ̀ sára ọlọ́pàá, "The Truth" ni wọ́n pe àkọlé ẹ̀. Àwọn ẹbí òkú ò dákẹ́. Lọ́dún 2012, ìgbìmọ̀ kan tú ìwé jáde, wọ́n rí i pé wọ́n ti tún àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá 164 kọ, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ tó bá ọlọ́pàá wí kúrò nínú 116. Ìgbìmọ̀ adájọ́ wá sọ lọ́dún 2016 pé súpọ́tà ò jẹ̀bi. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n! Ní Paris, May 2022, nígbà tí èrò há sẹ́nu géètì níbi àṣekágbá Champions League, wọ́n tún kọ́kọ́ ní súpọ́tà Liverpool ló pẹ́ dé, ìwádìí tí UEFA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù Yúróòpù, fúnra wọn ní kí wọ́n ṣe ló padà sọ lọ́dún 2023 pé ọrùn UEFA ni ẹ̀bi pọ̀ sí jù.

Èyí tó kàn wá jù ní Òkè Ọya níbí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yà. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn, ẹnì kan kọ ọ́ sí gúrúùpù pé "àwọn mọ̀là yìí kórìíra wa ni". Ádímìn pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó pe onítọ̀hún lórí fóònù, ó bá a wí dáadáa. Hausa wà nínú wa, Tiv wà, Igbo wà, àwọn kan nínú wa nílé àti ṣọ́ọ̀bù ní ìlú yẹn gan-an. Piọ́ wọ́tà mẹ́wàá ò gbọdọ̀ di ìjà Hausa àti Yorùbá torí pé ẹnì kan ń bínú. Kẹ́ ẹ sì rántí pé rédíò Hausa ni ọ̀pọ̀ wọn níbẹ̀ ń gbọ́, ẹ lè gba àtúnṣe nínú ìwé ìròyìn kó má dé etí ẹnikẹ́ni. A ní ọ̀rẹ́ kan tí gbogbo wa ń pè ní Alhaji bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì rí ẹnu ọ̀nà Mẹ́kà, òun ló pe ètò eré ìdárayá wọn. Ó kí wọn títí, ó béèrè ilé, ó béèrè ọmọ, ó tọrọ àforíjì lórí piọ́ wọ́tà kó tó dárúkọ rẹfirí rárá. Ẹni tó pè tẹ̀ lé e, ará ìlú yẹn, ní òun náà wà níbẹ̀, òun ò rí i kí wọ́n lu rẹfirí.

Wọ́n tẹ àtúnṣe náà ní Friday, ó kéré bí àtẹ́lẹwọ́, ojú ewé inú, abẹ́ ìpolówó jẹnẹrétọ̀. Wọn ò bẹ̀bẹ̀ o. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ fọ́tò yẹn kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, NPFL ò sì pe kílọ́ọ̀bù wa fún nǹkan kan. Nígbà tá a tún ń rìnrìn àjò, alága wa dúró sẹ́nu géètì sitédíọ̀mù pẹ̀lú àpò sìmẹ́ńtì kan lọ́wọ́, ó ní kí kálukú mu piọ́ wọ́tà ẹ̀ tán níbẹ̀ kó ju ọ̀rá ẹ̀ sínú àpò kó tó wọlé. Akọ̀wé wa mu mẹ́ta, ó sì pàdánù góòlù àkọ́kọ́ torí pé ó wà ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì.